Ṣé Ká La Fèrèsé Sórí Òrùlé, àbí Ká Kàn Tan Iná?

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ètò ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ fèrèsé orí òrùlé la sọ, àkókò ò sì tó wa. Mo ṣèlérí pé màá kọ ìyókù síbí, pàápàá ìṣirò tí mo sáré kọjá lórí afẹ́fẹ́, kí ẹ lè rọra kà á.

Orí àtẹ̀gùn ilé wa ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Huntstown là ń gbé, ní Dublin 15, lápá ìwọ̀-oòrùn Dublin, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí dáadáa. Ilé wa wà láàárín àwọn ilé tó so mọ́ra wọn: ó ní fèrèsé níwájú, ó ní lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ògiri aládùúgbò ni. Tí a bá ti ti ilẹ̀kùn àwọn yàrá òkè, òkùnkùn ló máa ń wà lórí àtẹ̀gùn, ì báà jẹ́ ọ̀sán.

Ìyá mi wá kí wa láti Ìbàdàn ní oṣù Kejìlá tó kọjá. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbọ́ gbì! lórí àtẹ̀gùn. Kí n tó débẹ̀, wọ́n ti jókòó, wọ́n di igi ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú. Ìgbésẹ̀ kan ni wọn ò rí. A dúpẹ́ pé wọn ò yí dé ìsàlẹ̀, àmọ́ orúnkún wọn wú fún ọjọ́ mẹ́rin.

“Mọ́mì, ẹ pẹ̀lẹ́. Kí ló dé tí ẹ ò tan iná?”

“Iná? Ta ló ń tan iná lọ́sàn-án? Mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tí ilẹ̀ ń mọ́ nínú ilé yìí. Ṣé wọn ò ní páànù tó ń mọ́lẹ̀ ní ìlú yín ni? Fi ẹyọ kan sórí ilé yìí jàre.”

Ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí lè má mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Páànù ni irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń bo òrùlé nílé. Tí kíṣìnì tàbí ṣọ́ọ̀bù kan bá ṣókùnkùn, káfíńtà á yọ páànù kan kúrò, á fi èyí tí wọ́n fi ike ṣe dípò rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á sì gba inú ike náà wọlé. Owó rẹ̀ ò pọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ò pẹ́. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ló máa rọrùn níbí. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi rò ó.

Ohun kan wà tí mo ṣe lọ́jọ́ kejì láì ro ohunkóhun: mo ra gílóòbù tó ń dá tàn fúnra rẹ̀ tó bá ti rí i pé ènìyàn ń kọjá. Tí ẹ bá ní àgbàlagbà nílé, ẹ ṣe ìyẹn lónìí, kí ẹ tó ka ìyókù. Gílóòbù yẹn ló máa dá ẹsẹ̀ wọn dúró. Fèrèsé orí òrùlé jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Gbólóhùn Mọ́mì tó dùn mí jù ni pé àwọn ò mọ ìgbà tí ilẹ̀ ń mọ́, gílóòbù kankan ò sì lè wo ìyẹn sàn.

Oòrùn tibí àti oòrùn tilé

Ní Ireland, fèrèsé tí wọ́n bá ti gbé sínú òrùlé, Velux ni gbogbo ènìyàn ń pè é, bí àwa náà ṣe ń pe gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ ní Omo. Orúkọ iléeṣẹ́ kan ni. Ẹnjiníà ará Denmark kan, Villum Kann Rasmussen, ló dá a sílẹ̀ ní 1941. Apá kan nínú orúkọ náà dúró fún fífẹ́ atẹ́gùn sínú ilé, apá kejì, lux, ni ìmọ́lẹ̀ lédè Látìn. Ẹ fi méjèèjì sọ́kàn, nítorí ìmọ́lẹ̀ lọ́tọ̀, atẹ́gùn lọ́tọ̀, mo sì máa padà sí i. Fèrèsé òrùlé ni mo máa pè é níbí.

Ká tó la òrùlé, ó yẹ ká mọ ohun tó wà lókè rẹ̀. Tí oòrùn bá kan wá ní àtàrí gan-an, a ní ó ga ní 90 dígírì. Tó bá wà ní etí ilẹ̀ níbi tó ti ń wọ̀, òdo ni. Ẹ na ọwọ́ yín síwájú, kí ẹ di ìkúùkù: ìkúùkù yẹn tó nǹkan bí 10 dígírì. Òun la ó máa fi wọ̀n ọ́n.

Ní ọjọ́ tí oòrùn Dublin ga jù lọ́dún, ní nǹkan bí 21 oṣù Kẹfà, tó bá dé ibi gíga rẹ̀ lọ́sàn-án, 60 dígírì ló máa ń dé. Ní ọjọ́ tí oòrùn ọ̀sán Èkó relẹ̀ jù lọ́dún, ní nǹkan bí 21 oṣù Kejìlá, 60 dígírì náà ni. Ẹ tún un kà o. Ibi tí oòrùn ilé ń relẹ̀ dé lọ́sàn-án náà ni oòrùn ibí ń gòkè dé. Ohun tó fà á ni pé Èkó wà ní nǹkan bí 6.5 dígírì sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, Dublin sì wà ní nǹkan bí 53.

Oòrùn oṣù Kejìlá wá ńkọ́? Ní 21 oṣù náà, 13 dígírì péré ni oòrùn ọ̀sán Dublin ń ga. Ìkúùkù kan àti díẹ̀ ni. Ó ń yọ ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú 38, ó sì ń wọ̀ ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú 8. Wákàtí méje àbọ̀ ni gbogbo ojúmọ́. Tí ilé tó kọjú sí yín bá ga díẹ̀, òrùlé rẹ̀ ti gba oòrùn yẹn lọ́wọ́ yín.

Àwọn tó gbé ilẹ̀ yìí láyé àtijọ́ mọ oòrùn kúkúrú yẹn dáadáa. Ní County Meath, tí kò jìnnà sí wa, wọ́n kọ́ Newgrange ní nǹkan bí 3200 ọdún ṣáájú ìbí Krístì, wọ́n sì fi ihò kékeré kan sílẹ̀ lókè ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Láàárọ̀ àwọn ọjọ́ tó yí 21 oṣù Kejìlá ká, oòrùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ máa ń gba ihò yẹn wọlé, á gba ọ̀nà tóóró tó gùn ní mítà 19, á sì dé yàrá inú lọ́hùn-ún fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 17. Awalẹ̀pìtàn Michael O'Kelly ló rí i ní 1967. Ẹ ṣàkíyèsí pé ojú ihò náà kọjú síwájú, sí etí ọ̀run, kò kọjú sókè. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn fún oòrùn tó relẹ̀. Èmi náà wá bi ara mi pé: tó bá jẹ́ pé oòrùn ò gòkè nígbà òtútù, kí ni fèrèsé tó kọjú sókè fẹ́ rí?

Àwọsánmà ni ìdáhùn. Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Ohun tí mo rò ni pé ìlú tí òjò àti ìkùukùu pọ̀ sí kò yẹ fún fèrèsé òrùlé. Òdìkejì rẹ̀ ló rí. Met Éireann, àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ ní Ireland, sọ pé ní oṣù Kejìlá, wákàtí kan péré lójúmọ́ ni oòrùn ń yọ jáde ní àríwá, kò sì tó wákàtí méjì ní gúúsù ìlà-oòrùn níbi tó ti dáa jù. Ìyókù ojúmọ́, àwọsánmà ló ń tanná fún wa. Ní 1942, àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà méjì, Parry Moon àti Domina Eberle Spencer, gbé ìṣirò kan jáde nípa ojú ọ̀run tí àwọsánmà bò pátá. Wọ́n ní kò mọ́lẹ̀ bákan náà káàkiri. Ibi tó wà lókè orí wa gan-an máa ń mọ́lẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta etí ọ̀run. Títí dòní, ìṣirò yẹn ni àwọn tó ń ya àwòrán ilé ṣì ń lò.

Ẹ wo ohun tó túmọ̀ sí. Fèrèsé ara ògiri ń wo etí ọ̀run, níbi tó dúdú jù, ògiri aládùúgbò sì tún ń dí i lọ́nà. Fèrèsé òrùlé ń wo òkè, níbi tó mọ́lẹ̀ jù, kò sì sí ilé tó dí i. Bí ojú ọjọ́ bá ṣe ṣú tó, bẹ́ẹ̀ ni àǹfààní rẹ̀ lórí ti ara ògiri ṣe ń hàn sí i.

Ká sòótọ́, àwọn baba wa ti mọ èyí láì ṣe ìṣirò kankan. Nínú agbo ilé àtijọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, àárín ilé ni wọ́n ń ṣí sílẹ̀ sójú ọ̀run. Àkòdì á yí àgbàlá ká, òrùlé á rọ sínú, òjò á máa dà sí àgbàlá, wọ́n á sì gbé ìkòkò sábẹ́ rẹ̀. Yàrá ò ní fèrèsé ńlá. Àgbàlá ni ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn ti ń wọlé wá. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn bíi Frank Willett hú ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tò lọ́nà tó lẹ́wà, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ló sì jẹ́ ilẹ̀ àgbàlá. Ilé tí kò ní fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó sì ń gba ìmọ́lẹ̀ láti òkè: ṣebí ilé tiwa ní Huntstown gan-an nìyẹn, àfi pé wọ́n gbàgbé láti ṣí àárín rẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilé tiyín nílò rẹ̀, ẹ dán èyí wò. Ẹ jókòó síbi tó ṣókùnkùn yẹn lọ́sàn-án, ẹ pa gbogbo iná, kí ẹ wò yíká láì dìde. Ṣé ẹ rí ojú ọ̀run, bó ti wù kó kéré mọ? Ibi tí ẹ ò bá ti lè rí i rárá, ìmọ́lẹ̀ tó ti ara ògiri padà nìkan lẹ ń lò níbẹ̀. Mo jókòó lórí àtẹ̀gùn wa láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìgbésẹ̀ 13. Mi ò rí ọ̀run tó tó áńkáṣíìfù.

Ẹni tó bá ní yóò dín owó iná kù

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa sọ fún yín pé fèrèsé òrùlé ń dín owó iná kù. Ẹ jẹ́ ká wò ó.

Nọ́ńbà kan tó ń jẹ́ U-value ni wọ́n fi ń wọn bí ooru ṣe ń sá kúrò nínú ilé. Ó ń sọ iye wáàtì tó ń gba inú mítà onígun mẹ́rin kan jáde, fún dígírì kọ̀ọ̀kan tí inú ilé fi gbóná ju ìta lọ. Bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dáa tó. Ìlànà ìkọ́lé Ireland tí wọ́n ń pè ní Part L ní kí àjà tí wọ́n tẹ́ òwú sí má ju 0.16 lọ, kí fèrèsé tuntun má sì ju 1.4 lọ. Ìyẹn ni pé ibi tí a bá la fèrèsé sí, ooru á máa gba ibẹ̀ jáde ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́sàn-án ti tẹ́lẹ̀.

Ìlọ́po mẹ́sàn-án! Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí. Àmọ́ fèrèsé kékeré tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 55, tó gùn ní 98, kò ju 0.54 mítà onígun mẹ́rin lọ. Ká ní inú ilé jẹ́ 20 dígírì, ìta jẹ́ 5, ìyàtọ̀ jẹ́ 15. Ẹ fi 0.54 ṣe ìlọ́po 1.4, kí ẹ tún fi 15 lọ́po rẹ̀: wáàtì 11 àti díẹ̀. Àjà tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń jẹ́ kí wáàtì 1.3 jáde. Ohun tí a pàdánù jẹ́ wáàtì 10, bí ẹni tó gbàgbé gílóòbù LED kan sí títàn tọ̀sán-tòru.

Gílóòbù orí àtẹ̀gùn wa náà, wáàtì 10 ni. Tí fèrèsé bá jẹ́ ká pa á fún wákàtí méje lójúmọ́, a ti rí wáàtì-wákàtí 70 he. Láàárín wákàtí 24 kan náà, wáàtì-wákàtí 240 ti gba òrùlé lọ. Gáàsì la fi ń mú ilé gbóná, ó sì dínwó ju iná mànàmáná lọ, nítorí náà tí a bá sọ ọ́ di owó, sẹ́ńtì díẹ̀ lójúmọ́ ni ìhà kọ̀ọ̀kan. Kò sí èrè kankan níbẹ̀, kò sì sí àdánù tó yẹ kó dí ènìyàn lọ́wọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún yín pé yóò dín owó iná kù, ẹ bi í pé iná wo. Èmi yọ owó iná kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà pátápátá.

Irọ́ kejì wà tó kàn wá jù, àwa aláwọ̀ dúdú: pé jíjókòó sábẹ́ fèrèsé òrùlé ń fún ara ní fítámì D. Kì í fún un. Apá ìtànṣán oòrùn tí awọ ara ń lò láti ṣe fítámì D, gíláàsì kì í jẹ́ kó kọjá. Awọ dúdú tiẹ̀ nílò oòrùn pẹ́ ju awọ funfun lọ, oòrùn ìgbà òtútù níbí sì rẹlẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣiṣẹ́ náà rárá, kódà níta. Ẹ bá dókítà tàbí olóògùn yín sọ̀rọ̀ nípa ti fítámì D. Ẹ má fi òrùlé wò ó.

Ohun tí mo rí nínú àjà

Mo gbé àkàbà, mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo gun inú àjà lọ. Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé gbogbo ìṣirò oòrùn tí mo ti ń ṣe, eré ọmọdé ni.

Nílé, káfíńtà ló máa ń to igi òrùlé lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹ bá sì bi í, á mọ èyí tó lè yọ. Òrùlé irú ilé tiwa níbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Truss ni wọ́n ń pè é: igi tí wọ́n ti kàn pọ̀ ní iléeṣẹ́ di onígun mẹ́ta, tí àwọn igi mìíràn sì tún wà nínú rẹ̀ bíi lẹ́tà W, irin eléyín ló sì so oríkèé wọn pọ̀. Wọ́n tò wọ́n tẹ̀ léra wọn, 60 sẹ̀ǹtímítà sí ara wọn, láti ògiri dé ògiri. Igi náà tẹ́ẹ́rẹ́, kò nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 3.5 lọ. Ìdí tí igi tẹ́ẹ́rẹ́ fi lè ru gbogbo táìlì yẹn ni pé kò sí èyí tó ń dá ẹrù gbé. Táìlì ń ti igi òkè méjèèjì sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ wọn fẹ́ là síta, igi ìsàlẹ̀ sì ń fà wọ́n padà. Bí ẹni tó ya ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀, tí wọ́n wá fi okùn so kókósẹ̀ méjèèjì rẹ̀ pọ̀. Ẹ gé okùn yẹn, ẹ gé ẹsẹ̀ kan, ọ̀kan náà ni: gbogbo rẹ̀ á rọ́ lọ. Ó lè má jẹ́ lọ́jọ́ náà. Àjà á kọ́kọ́ tẹ̀, ògiri á sán, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni ẹ ó mọ ohun tí ẹ ṣe.

Ọkùnrin kan wá wo iṣẹ́ náà. Ó tẹ́jú mọ́ àjà fún ìṣẹ́jú méjì, ó ní kò le, òun á gé truss kan, òun á sì fi pákó so orí rẹ̀ mọ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní ẹnjiníà wo ló máa fọwọ́ sí i. Ó ní irú iṣẹ́ báyìí ò nílò ẹnjiníà. Mo bu tíì fún un, mo dúpẹ́, mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Tí ẹ ò bá mú nǹkan mìíràn nínú ohun tí mo kọ yìí, ẹ mú èyí: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé truss nínú ilé yín láìjẹ́ pé ẹnjiníà ilé ti ya àwòrán bí wọ́n ṣe máa ṣe é, tó sì fọwọ́ sí i. Kò sì pọn dandan kí wọ́n gé e. 60 yọ 3.5 jẹ́ 56.5. Fèrèsé òrùlé tó fẹ̀ ní 55 wà lọ́jà, ó sì máa ń wọ àárín truss méjì gẹ́lẹ́gẹ́lẹ́. Tóóró ni, òótọ́ ni, àmọ́ ẹ rántí pé ibi tó mọ́lẹ̀ jù lójú ọ̀run ló ń wò.

Àmọ́ tiwa ò parí síbẹ̀. Láàárín táìlì àti àjà, àyè òtútù kan wà. Tí a bá la fèrèsé sórí òrùlé, a ní láti kọ́ àpótí kan láti ibẹ̀ wá dé àjà, kí ìmọ́lẹ̀ lè gbà á kọjá, a sì ní láti fi òwú ìdènà òtútù yí àpótí náà ká dáadáa. Bí àpótí náà bá ṣe jìn tó ni ìmọ́lẹ̀ ń dín kù tó. Níbi tí àpótí tiwa ì bá gbà kọjá gan-an ni tánkì omi jókòó sí. Mo wo tánkì, tánkì wò mí.

Òjò ńkọ́? Ìyẹn ni gbogbo ẹbí kọ́kọ́ béèrè. Òjò tó ń rọ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Dublin lọ́dún tó nǹkan bí mìlímítà 758. Ti Èkó tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Kì í ṣe pípọ̀ òjò níbí ló ń wọ ilé. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e, tó ń fi í gún ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Gíláàsì kì í sábà jò. Etí rẹ̀ ló ń jò, níbi tí wọ́n ti ń fi páànù pẹlẹbẹ yí fèrèsé ká kí omi má bàa wọ abẹ́ táìlì. Irú páànù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ bá irú táìlì ilé mu. Èyí tí wọ́n ṣe fún táìlì pẹlẹbẹ ò lè ṣiṣẹ́ lórí táìlì tó ń yípo. Ẹ bi oníṣẹ́ pé èwo ló ń kó bọ̀.

Omi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń pè ní jíjò, ìrì ni. Ẹ ti ṣí ọmọrí ìkòkò ọbẹ̀ rí, ẹ rí bí omi ṣe ń kán lábẹ́ rẹ̀. Ooru ọbẹ̀, ooru balùwẹ̀, èémí wa lóru, gbogbo rẹ̀ ló ń gòkè lọ bá gíláàsì tó tutù, á sì di omi níbẹ̀. Tó bá ń kán sórí pákó lójoojúmọ́, pákó á bu, á dúdú. Níbí ni apá kìíní orúkọ Velux ti wúlò: fèrèsé tó ṣeé ṣí, tó wà níbi tó ga jù nínú ilé, ń jẹ́ kí ooru àti ọ̀rinrin jáde. Tẹ́ ẹ bá ń se àmàlà bíi tiwa, ẹ má ra èyí tí kò ṣeé ṣí.

Iwájú tàbí ẹ̀yìn?

Iwájú ilé wa kọjú sí gúúsù, ẹ̀yìn kọjú sí àríwá. Gbogbo ènìyàn ní ká gbé e síwájú kí oòrùn lè wọlé. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òrùlé wa tó nǹkan bí 35 dígírì. Tí oòrùn bá ga ní 60 dígírì ní oṣù Kẹfà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú kọ òrùlé iwájú yẹn ní tààrà. Ní oṣù Kejìlá, ẹ̀gbẹ́ ló ti ń wò ó. Nítorí náà, ooru á pọ̀ jù nígbà tí a ò fẹ́ ẹ, á kéré jù nígbà tí à ń wá a. Ẹni tó bá gbé e síwájú, kó ra aṣọ ìdènà tó wà níta gíláàsì, torí tí ìtànṣán bá ti wọlé tán, aṣọ inú ilé ò lè lé e padà. Tó bá sì jẹ́ yàrá ọmọdé, ẹ rántí pé oòrùn oṣù Kẹfà kì í wọ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́. Ẹ ó jọ máa jà lórí oorun ni.

Àríwá tí kò rí oòrùn ìgbà òtútù rárá ṣì ń rí àwọsánmà, àwọsánmà la sì ní. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tutù, kì í yí padà wìtìwìtì. Òfin náà tún fẹ́ràn ẹ̀yìn. Lábẹ́ òfin ètò ìlú Ireland, iṣẹ́ tí kò bá yí ìrísí ilé padà débi tí á fi yàtọ̀ sí àwọn ilé tó yí i ká kì í gba ìwé àṣẹ. Ẹ̀yìn ilé kì í sábà fa wàhálà. Ti iwájú tó kọjú sí títì, ẹ kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ Fingal County Council kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan táìlì, kí ẹ sì gba èsì tí wọ́n kọ sílẹ̀. Tí ẹ bá ń rẹ́ńtì, lọ́dọ̀ onílé ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Mo pàpà ṣe ìpinnu. Kì í ṣe fèrèsé rárá. Ọ̀pá ìmọ́lẹ̀ ni a máa lò: ike tó mọ́ gaara bí ọmọrí abọ́ lórí òrùlé, ọ̀pá irin tí inú rẹ̀ ń dán bíi dígí lábẹ́ rẹ̀, àti gíláàsì ribiti nínú àjà. Ìmọ́lẹ̀ á máa ta bọ́ọ̀lù láti ara ọ̀pá sí ara ọ̀pá títí á fi dé ìsàlẹ̀. Ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 35, ó gba àárín truss méjì kọjá láì kan igi kankan, ó sì yà fún tánkì. Ẹ ra èyí tí ọ̀pá rẹ̀ le, kì í ṣe èyí tó rọ̀ tó ń ká bíi róòbù, torí gbogbo ìká ló ń jẹ nínú ìmọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kúrú, kó sì tọ́. Tiwa ò ní tó mítà kan àbọ̀.

Mo mọ ohun tí mo pàdánù. Kò ṣeé ṣí, nítorí náà ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin jáde ní balùwẹ̀ la ó máa gbára lé. A ò ní máa wo ìràwọ̀ nínú rẹ̀. Ká ní inú yàrá ni òkùnkùn wà, tí kò sì sí tánkì, fèrèsé tó ṣeé ṣí ni mi ò bá mú, lẹ́yìn ilé. Àtẹ̀gùn ni tiwa, ohun tí mo sì ń wá níbẹ̀ ni pé kí ẹni tó bá jí lè mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́.

Mọ́mì pè lánàá láti Ìbàdàn.

“Páànù mi ńkọ́?”

“Oṣù Karùn-ún ni wọ́n ń bọ̀ wá ṣe é, Mọ́mì. Ẹ ó bá a níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá padà wá.”

“Ó dáa. Orúnkún mi ti san. Má jẹ́ kí wọ́n gé igi ilé o.”